Owó Fàdákà Jámánì: Ìtàn, Ìdámọ̀ àti Ìkójọ Rẹ̀

Owó fàdákà Jámánì ni gbogbo owó onírin tí a fi fàdákà tẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó para pọ̀ di Jámánì lónìí. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ọba, ìjòyè àti ìlú ńláńlá ibẹ̀ ti ń tẹ owó tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì dé ọdún 1974, ọdún tó kẹ́yìn tó hàn lára máàkì márùn-ún onífàdákà tí ará ìlú ń ná. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó yìí gbà kan ìtàn Yorùbá. Èkíní, inú èdè Jámánì ni orúkọ owó kan tó wà lẹ́nu Yorùbá lójoojúmọ́ ti ṣẹ̀. Èkejì, táàlà irú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú Günzburg gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Bọ̀rnó àti Kánò, ó sì bá owó ẹyọ pàdé níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, máàkì jẹ́ owó ìjọba fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Atakpamé, nígbà tí Tógò wà lábẹ́ Jámánì.

Orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìperí

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà dà á lójú rú. Nínú ìwé ìtàn, owó ẹyọ ni ìkarahun inú òkun tí àwọn baba ńlá Yorùbá ń ná. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn kan tún ń lo ẹyọ owó fún owó onírin. Nínú àròkọ yìí, owó ẹyọ dúró fún ìkarahun nìkan. Owó onírin ni owó tí a fi irin èyíkéyìí tẹ̀. Owó fàdákà sì ni èyí tí fàdákà wà nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kejì kan orúkọ tí àwọn òyìnbó fún irin kan, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “fàdákà Jámánì”. Irin náà kò ní fàdákà kankan nínú. Àdàlù bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣe é jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún láti fi wé irin funfun kan tó ń ti Ṣáínà wá. Ṣíbí, àwo àti ohun ọ̀ṣọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi irin yìí ṣe. Ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, tó sì rò pé fàdákà gidi ni, yóò san owó gọbọi lórí ohun tí kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni dọ́là. Ní nǹkan bí ọdún 1520, àwọn ìjòyè ìdílé Schlick bẹ̀rẹ̀ sí í fi fàdákà tí wọ́n ń wà ní àfonífojì Joachimsthal, ní ilẹ̀ Bòhémíà, tẹ owó ńlá. Jáchymov ni orúkọ ìlú náà lónìí, ó sì wà ní orílẹ̀-èdè Czech. Wọ́n ń pe owó náà ní Joachimsthaler, ìyẹn “ti àfonífojì Joachim”. Nígbà tó yá, wọ́n gé e kúrú sí Thaler. Àwọn ará Họ́láńdì sọ ọ́ di daalder, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dollar, àwọn Haúsá ń pè é ní dala, Yorùbá sì ń pè é ní dọ́là. Ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà kí ó tó dé ọjà wa. Kò yàtọ̀ sí ṣílè, sísì, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀, tí gbogbo wọn wọlé pẹ̀lú owó tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Owó wọ̀nyí ti kúrò nílẹ̀ pátápátá tàbí kí wọ́n máà ra nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò tíì kúrò nínú èdè.

Táàlà Maria Theresa

Maria Theresa jọba ní Ọ́sítríà láti ọdún 1740 títí ó fi wàjà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1780. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wó ló ń tẹ táàlà rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wá di gbajúmọ̀ jù ni ti Günzburg. Abẹ́ Ọ́sítríà ni ìlú náà wà nígbà náà. Ìpínlẹ̀ Bavaria ní Jámánì ló wà lónìí. Lẹ́tà S.F. tó wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán ọbabìnrin náà dúró fún Schöbl àti Faby, àwọn ọ̀gá méjì ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wó Günzburg.

Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Áfíríkà ti mọ owó yìí dunjú, wọn kò sì fẹ́ gba òmíràn dípò rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ikú ọbabìnrin, wọ́n ń tẹ owó náà lọ láìyí ọdún ara rẹ̀ padà. Títí di òní, 1780 ló wà lára rẹ̀. Vienna, Prague, Milan àti Venice tẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 1935, Rome náà tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà Lọ́ńdọ̀nù, Paris, Brussels, Birmingham àti Bombay. Òfin Ọ́sítríà kò kà á sí owó mọ́ láti ọdún 1858, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá ìrìn rẹ̀ dúró ní Áfíríkà.

Láti Trípólì àti Íjíbítì ni àwọn oníràkúnmí ti ń gbé e gba aṣálẹ̀ kọjá dé Bọ̀rnó àti ilẹ̀ Haúsá. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò tí wọ́n bí ní Hamburg, dé Kánò ní ọdún 1851. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé dọ́là kan, ìbáà ṣe ti Sípéènì tàbí ti Ọ́sítríà, tó owó ẹyọ 2,500 ní ọjà ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìṣirò owó Yorùbá yóò rí ìtumọ̀ èyí lójú ẹsẹ̀. Ogójì ẹyọ ni a ń sín pọ̀ sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ní iye tí Barth kọ sílẹ̀ yìí, dọ́là mẹ́jọ péré ló tó ọ̀kẹ́ kan. Dọ́là mẹ́jọ kò wúwo tó ìdá mẹ́rin kílò kan, ọmọdé lè dì í mọ́wọ́. Ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ ẹrù tí alárù ń fi orí rù. Ìdí nìyí tí oníṣòwò ọ̀nà jíjìn fi fẹ́ràn fàdákà, tí aláta àti ẹlẹ́kọ kò sì fi lè fi owó ẹyọ sílẹ̀: kò sí bí a ṣe fẹ́ fi dọ́là ra ẹ̀kọ méjì.

Àwọn ilé iṣẹ́ Hamburg àti ìṣubú owó ẹyọ

Kì í ṣe fàdákà nìkan ni Jámánì kó wọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní àárín ọdún 1840 sí 1849, ilé iṣẹ́ Hertz ti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkarahun láti Zanzibar àti etíkun ìlà oòrùn Áfíríkà wá sí ìwọ̀ oòrùn. Ilé iṣẹ́ O'Swald, ti Hamburg bákan náà, tẹ̀ lé e, ó sì dá ibùdó sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1869, ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser gba òwò O'Swald ní Èkó.

Ẹyọ Zanzibar tóbi ju ti Maldives tí Yorùbá ti ń ná tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì rọrùn láti rí kó. Àwọn oníṣòwò ń fi ọkọ̀ òkun kó o wá ra epo pupa. Bí ẹyọ ti ń pọ̀ sí i lọ́jà ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ohun tí okùn kan ń rà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí okùn púpọ̀ kò lè rà mọ́. Àwọn tí ìyà rẹ̀ jẹ jù ni àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọn pa mọ́ sínú ìkòkò àti àjà: ìyálọ́jà tó ti fi ogún ọdún kó ọ̀kẹ́ jọ, àti baálé tó tọ́jú owó ìdána fún àwọn ọmọ rẹ̀. Olè kò jà wọ́n, iná kò jó wọn, síbẹ̀ owó wọn bàjẹ́ nínú ilé. Nígbà tó yá, fàdákà Gẹ̀ẹ́sì gba ipò ẹyọ, ìjọba amúnisìn sì fòfin de kíkó ẹyọ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ ipa Jámánì nínú ètò owó Yorùbá kò gbọdọ̀ wo owó fàdákà nìkan. Ìkarahun tí ọkọ̀ Hamburg kó wá yí ìgbésí ayé ará Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn padà ju máàkì èyíkéyìí lọ.

Máàkì ní Tógò: ọ̀rọ̀ Atakpamé

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn aṣojú ọba Mlapa ní etíkun Tógò. Bí Jámánì ṣe gba ibẹ̀ nìyẹn. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí, àṣẹ wọn ti dé Atakpamé, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni àwọn Ifẹ̀ wà, tí a tún ń pè ní Ana. Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn wọn sọ pé wọ́n ti ṣí wá, èdè wọn sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí Yorùbá tí a ń sọ ní Nàìjíríà.

Máàkì ni owó ìjọba ní Tógò. Jámánì tẹ owó pàtàkì fún ìlà oòrùn Áfíríkà, ìyẹn rúpíì, ó sì tẹ òmíràn fún New Guinea, ṣùgbọ́n kò tẹ èyí tó jẹ́ ti Tógò nìkan. Owó tí ará Berlin ń ná ni ará Atakpamé náà ń ná. Ṣílè Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò nílẹ̀. Ó ń rìn pẹ̀lú máàkì ní etíkun. Pọ́ùn kan tó máàkì 20 àti díẹ̀, nítorí náà máàkì kan kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ṣílè kan. Fàdákà tó wà nínú máàkì kan tó gíráàmù 5 gẹ́lẹ́; ti ṣílè fi díẹ̀ ju gíráàmù 5.2 lọ.

Owó yìí kì í ṣe ti ọjà nìkan. Ìjọba Jámánì fi iṣẹ́ dandan sí ará ìlú lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí owó-orí: ọ̀nà lílà, afárá ṣíṣe àti ojú irin rélùwéè. Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ lè san án dípò iṣẹ́. Ní ibi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà, owó fàdákà kékeré lè túmọ̀ sí ọjọ́ iṣẹ́ tí àgbẹ̀ kan rí rà padà fún oko ara rẹ̀. Bí a bá rí máàkì lónìí láàrin ẹrù ìdílé kan ní Atakpamé, ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni iṣẹ́ tí wọ́n fi gbà á àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi san.

Ìjọba náà parí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, ni àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá sí láti máa bá Nauen, nítòsí Berlin, sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sún mọ́ wọn, àwọn fúnra wọn ló bà á jẹ́; ní ọjọ́ 26 oṣù náà, wọ́n túúbá. Lẹ́yìn ogun, Atakpamé bọ́ sí ìpín Faransé. Ní Jámánì fúnra rẹ̀, máàkì bébà ṣubú títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1923, nígbà tí dọ́là Amẹ́ríkà kan tó tírílíọ̀nù máàkì 4.2. Bébà di pàǹtí. Fàdákà tí a ti tẹ̀ ṣáájú ogun kò pàdánù ìwọ̀n rẹ̀.

Ìdí tí máàkì kò fi gbilẹ̀ ní Èkó

Ẹnikẹ́ni lè rò pé nígbà tí Gaiser àti àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì mìíràn wà ní Èkó, máàkì yóò kún ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1880, nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ Gold Coast, òfin ti yọ dọ́là fàdákà kúrò nínú owó tí ìjọba tẹ́wọ́ gbà. Fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù. Láti ọdún 1894, Bank of British West Africa ló ń kó fàdákà náà wọlé. Ní ọdún 1912, wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀, owó rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1913: ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì àti tọ́rọ́, gbogbo wọn fàdákà. Láti ọdún 1920, wọ́n fi àdàlù idẹ rọ́pò fàdákà náà. Àwọn oníṣòwò Jámánì ní Èkó pàápàá ń fi owó Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò, nítorí òun ni òfin mọ̀.

Nítorí náà, máàkì tí a bá rí ní Nàìjíríà yóò ní ìtàn àrà ọ̀tọ̀: ó lè bá oníṣòwò gba Tógò àti ilẹ̀ Benin wọlé, ó sì lè jẹ́ ọmọ tó kàwé ní Jámánì ló mú un bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ojú lásán kò lè sọ èyí tí ó jẹ́.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ohun mẹ́rin ni a ń wò: ìwọ̀n, àwòrán, lẹ́tà ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wó àti etí owó.

Táàlà Maria Theresa wọn gíráàmù 28.07, ìdá 833 nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà. Ojú rẹ̀ ní àwòrán ọbabìnrin tó fi ìbòrí opó bo orí, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹyẹ idì olórí méjì. Ọ̀rọ̀ Látìnì méjì, òdodo àti àánú, wà ní etí rẹ̀: IUSTITIA ET CLEMENTIA.

Vereinsthaler, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1857, wọn gíráàmù 18.52, ìdá 900 nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà. Nígbà tí máàkì dé, wọ́n ń ná an bíi máàkì mẹ́ta títí di ọdún 1907.

Máàkì ìjọba ilẹ̀ ọba Jámánì, láti ọdún 1873, jẹ́ fàdákà ìdá 900 bákan náà. Máàkì kan wọn gíráàmù 5.56, méjì, 11.11; mẹ́ta, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1908, 16.67, márùn-ún, 27.78. Máàkì kan kò ní orí ọba: iye rẹ̀ wà láàrin ẹ̀ka igi ní ojú kan, idì wà ní èkejì. Ti máàkì méjì, mẹ́ta àti márùn-ún ní orí ọba ìpínlẹ̀ tó ni ín, bíi Prussia, Bavaria tàbí Saxony. Hamburg, Bremen àti Lübeck kò ní ọba, àmì ìlú wọn ni wọ́n fi síbẹ̀. Lẹ́tà kékeré ń sọ ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́: A ni Berlin, D ni Munich, E ni Saxony, F ni Stuttgart, G ni Karlsruhe, J ni Hamburg.

Máàkì márùn-ún ti ìwọ̀ oòrùn Jámánì, ọdún 1951 sí 1974, wọn gíráàmù 11.2, ìdá 625 péré sì ni fàdákà inú rẹ̀.

Ayédèrú pọ̀. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a ní. Òòfà kì í fa fàdákà. Owó tí òòfà bá gbé kì í ṣe fàdákà. Ṣùgbọ́n bàbà àti òjé náà kò fà mọ́ òòfà, nítorí náà àyẹ̀wò yìí nìkan kò tó. Ìwọ̀n, fífẹ̀ àti etí gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu.

Ìkójọ àti ìtọ́jú

Ohun tó ń ba owó fàdákà jẹ́ jù ni ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Fàdákà máa ń dúdú nítorí imí ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́. Àwọ̀ dúdú náà kì í ṣe ìdọ̀tí, ó sì ń dáàbò bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi eérú, iyanrìn, ọṣẹ oníyẹ̀pẹ̀ tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ yóò họ ojú rẹ̀, iye rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀. Etí ni a ń dì mú, kì í ṣe ojú. Àpò bébà gbígbẹ sàn ju ọ̀rá rírọ̀ olóòórùn lọ, nítorí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ń sun omi aláwọ̀ ewé sára owó bí ọjọ́ bá ti pẹ́.

Ìtọ́jú ìtàn ṣe pàtàkì ju ìtọ́jú irin lọ. Fún owó kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí a kọ ìwọ̀n rẹ̀, àmì ara rẹ̀, ibi tí a ti rí i, ọjọ́ tí a rí i, ìran tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí ẹni náà sọ nípa rẹ̀ ní ẹnu tirẹ̀, bí ó bá gbà kí a kọ ọ́. Abéèrè kì í ṣìnà. Bí ó bá pè é ní “dọ́là ìyá mi àgbà” tàbí “fàdákà aláwòrán”, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí a kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí fún onímọ̀ èdè.

Òfin tún wà. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ohun tí a bá wú jáde nínú ilẹ̀ kì í ṣe ọjà. Ó yẹ kí a fi tó àjọ náà létí.

Ìkójọ láti Lugbe

Lugbe wà lójú ọ̀nà tó lọ láti àárín ìlú Àbújá sí pápákọ̀ òfurufú. Gbàgyí ló ni ilẹ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti ẹ̀yà mìíràn ti di aládùúgbò ara wọn níbẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn ti wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ dára fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí. Láàrin àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀, ó lè béèrè ohun tí wọ́n ń pe owó àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti Kánò wá, lọ́wọ́ ẹni tó ti Ṣakí wá, àti lọ́wọ́ ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà ní Kútọnu tàbí Lomé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé owó tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní sí Àbújá náà kò jìnnà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo owó gidi lẹ́yìn dígí kí ó tó rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kò ní tètè bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì.

Ibi tí ewu wà jù ni ilé alágbẹ̀dẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti ń yọ́ dọ́là fàdákà fi rọ ẹ̀gbà, yẹtí àti òrùka. Iṣẹ́ ọwọ́ tó níyì ni, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Bí iye fàdákà bá ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wu àwọn ọmọ olóògbé láti ta ohun tó wà nínú àpótí lórí òṣùwọ̀n. Owó tó bá ti wọ inú ìkòkò ìyọ́fàdákà kò lè sọ ìlú tó ti wá mọ́. Àwòrán, ìwọ̀n àti ìtàn tí a kọ sílẹ̀ kí a tó yọ́ ọ nìkan ni yóò kù.

Pàtàkì fún ẹ̀kọ́ Yorùbá

Owó fàdákà kì í purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á lè ṣi í kà. Ọdún 1780 tó wà lára táàlà Maria Theresa kò fi hàn pé ó dé ilẹ̀ wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Birmingham ní ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà. Bí a bá rí máàkì ní Nàìjíríà, ìyẹn kò fi hàn pé wọ́n ná an níbẹ̀. Orí tó wà lára owó kì í ṣe orí ẹni tó ṣiṣẹ́ fún un. Ohun tó ń so owó mọ́ ìtàn Yorùbá ni ẹ̀rí ẹni tó ni ín: ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ rẹ̀, orúkọ tí ó pè é, àti ìdí tí kò fi ná an. Ẹ̀rí yìí kò sí nínú ìwé àwọn akówójọ ti Yúróòpù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ èdè àwọn àgbà wọ̀nyí ló lè kọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí àwọn àgbà náà ṣì wà láyé.